Ọwọ́ Àwòdì Lára Ògiri

Mo ṣì ń gbọ̀n. Bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo sì dúró sójú kan o. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀... ṣé ó ti pẹ́? Mi ò mọ̀. Bọ́ọ̀lù tí mo jù sílẹ̀ ṣì ń yí lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì, kò tíì dúró. Á jẹ́ pé kò tíì pẹ́ nìyẹn.

Ọwọ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo tún gbójú sókè. Bóyá ojú mi ni. Bóyá oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ló ń — rárá o. Kò sí. Ibi tó wà láti ọjọ́ tí mo ti mọ gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òkè, ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ tá à ń ju bọ́ọ̀lù sí, funfun lára ògiri aláwọ̀ ewé, ìka márààrún yà gbàgà, ó ti pa rẹ́. Bí ìgbà tí wọ́n fi ràgì nu pátákó kíláàsì. Ṣọ́ọ̀kì ti fà wálẹ̀ gbọọrọ. Ìyókù ẹ̀ dà? Ìyókù ẹ̀ rèé ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo ti nu ọwọ́ Àwòdì kúrò lára ògiri. Èmi. Èmi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí wọ́n ń pè wọlé nígbà tí ìdíje bá ti bàjẹ́ tán.

Yéè. Ìyá mi ò.

Dúró ná. Dúró. Rò ó dáadáa. Kí lo ṣe gan-an?

Mo fò ni. Ohun tí mo ṣe ò ju ìyẹn lọ. Mo fò bí gbogbo wa ṣe máa ń fò. Bó ṣe rí nínú ikọ̀ yìí náà nìyẹn, àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: bí sáà bá ti wọlé, kálukú á ti ọwọ́ bọ ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n lọ̀, á sáré wá, á fò, á lu ògiri. Ibi tọ́wọ́ ẹ bá dé, ibẹ̀ nipò ẹ títí sáà á fi parí. Tiwa ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, wọ́n tò bí aṣọ tí wọ́n sá. Bí sáà bá parí, wọ́n á nù wọ́n. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni wọn kì í nù. Ti Àwòdì. Àbí ta ló fẹ́ nù ún? Ọwọ́ ta ló fẹ́ dé bẹ̀?

Àwòdì ni kápítẹ́nì àwọn tí wọ́n ń pè ní Ikọ̀ Ọdún Òjò. Wọ́n ní òjò tó ń dà lórí páànù lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ fèrè, wọ́n ṣì ń gbá a lọ nígbà tí ìdíje ti parí, wọ́n sì ń jẹ góòlù sí i. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n ju àwọn ẹbí bàbá mi lọ. Mo mọ èyí tó máa ń gba bọ́ọ̀lù láìwojú ẹni tó jù ú. Mo mọ èyí tí bàtà já mọ́ lẹ́sẹ̀, tó fẹsẹ̀ lásán parí ẹ̀. Ta ló sọ fún mi? Ta ni ò sọ fún mi!

Onígbàjámọ̀ títì wa ló burú jù. Tó bá ti gbé ẹ̀rọ lé ẹ lórí, tó wá gbọ́ pé ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lo wà, o wọ gàù. "Ẹ̀yin tòní? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo dígí kẹ́ ẹ tó wọ pápá? Tẹ́ ẹ bá bá àwọn Àwòdì gbá, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé bọ́ọ̀lù lọ sílé lọ sùn, kẹ́ ẹ gbé e bọ̀ lọ́la, wọ́n á ṣì nà yín." Ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí ẹ̀ bá fò dìde: "Irọ́ o! Ikọ̀ tó tẹ̀ lé wọn le jù wọ́n lọ!" Onígbàjámọ̀ ní, "Jókòó jàre, àbí kí n fi ìdajì yìí sílẹ̀ fún ẹ kó o máa gbé e kiri?" Ó jókòó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo bi í, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Iwájú pátápátá ni mo dúró sí."

Iwájú náà ni onímọ́tò dúró sí. Iwájú ni ẹni tó ń ta bàtà dúró sí. Gbọ̀ngàn yìí rèé, mo ń wò ó báyìí — kò lè gba ìdajì àwọn tó láwọn wà níwájú.

Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn yẹn ṣe wù kó gùn tó, ibì kan náà ló ń parí sí. "Tó bá ń dùn yín, ẹ lọ fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀." Ó tán. Ògiri kì í purọ́.

Kóòṣì náà kì í pariwo. Bá a bá jáwé olúborí gan-an, tá a ń fò mọ́ra wa, á kàn na ìka kékeré ọwọ́ ẹ̀ sókè, ìka tó ṣẹ́ lọ́jọ́ kan tó sì jinná ní wíwọ́, tó rí bí ìwọ̀. Á ní, "Ẹ ṣe é dáadáa. Ó yá, ẹ wòkè." A ó wòkè. Ayọ̀ wa á rọ̀ bí bọ́ọ̀lù tó jò. Òun gan-an, ọdún tí Àwòdì kúrò ló wọ ikọ̀. "Èmi bá àmì yẹn níbẹ̀ ni. Èmi náà ò dé bẹ̀ rí." Ó ti sọ ọ́ débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá ò ju pé... báwo ni wọ́n ṣe dáa tó? Ní tòótọ́, ní tòótọ́. Kì í ṣe tẹnu onígbàjámọ̀. A ò tíì pàdánù ìdíje kankan ní sáà yìí. Sátidé là ń gbá àṣekágbá. Ẹni gíga tó ń ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ fún wa, ó lè kó ọsàn lórí igi láìfò. Kápítẹ́nì wa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé a ò wá tó wọn ni? Ibo la ti kéré? Ẹsẹ̀ ni? Ọpọlọ ni? Àbí àwọn èèyàn ìgbà yẹn ń jẹ ohun tá ò jẹ?

Fọ́tò kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà, Àwòdì nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ ẹ̀ lára ògiri, ọjọ́ tó fi àmì yẹn lélẹ̀ gan-an. Mo ti wò ó títí ojú fi ń ro mí. Nínú fọ́tò, abẹ́ fèrèsé lọwọ́ yẹn wà. Abẹ́ ẹ̀ pátápátá. Lára ògiri ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Orí ìka rẹ̀ ń kan ìdè ìsàlẹ̀, irin tí fèrèsé fi ń ṣí. Mo bi Kóòṣì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó fi — " "Ibi tí onífọ́tò dúró sí ni. Lọ sáré yí pápá po." Wọ́n ní ìbéèrè mi pọ̀ ju góòlù mi lọ.

Lónìí lónìí, tí oòrùn bá rọ̀, Àwòdì fúnra ẹ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ wá súre fún wa nítorí Sátidé. Kálukú wa á sì fò lójú wọn. Ìyẹn ni mo ṣe tètè dé. Mo ní kí n gbìyànjú ẹ̀ nígbà tí ò sẹ́ni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ẹsẹ̀ méjèèjì la fi ń tẹlẹ̀ fò. Mo wá rò ó pé, ẹsẹ̀ kan ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì. Bí mo ṣe máa ń fo kòtò ńlá ẹ̀yìn ilé wa nígbà tí mo bá ti pẹ́ lẹ́yìn sí iléèwé. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ṣọ́ọ̀kì, mo sáré, mo tẹ òsì mọ́lẹ̀ —

Ilẹ̀ sì fi mí sílẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó pẹ́ kí n tó padà wá. Mo rí eruku lórí irin apẹ̀rẹ̀. Mo rí i láti òkè! Àtẹ́lẹwọ́ mi lu ògiri, gbàà, mo sì ń bọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ ń fà tẹ̀ lé mi.

Ta ló máa gbà?

Ta ló rí mi? Bẹ́ńṣì. Bọ́ọ̀lù. Wọ́n á ní mo gun nǹkan ni. Ọdún tó kọjá, ẹnì kan nínú wa gbé àga lé àga, ó gùn ún fún ẹ̀fẹ̀, ó fẹ́ fi ìka kan àtàǹpàkò Àwòdì. Kò tíì kàn án o! Kóòṣì ò bínú, kò jágbe. Ó kàn ní, "Bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ kó o tó jáde." Aṣọ yẹn ni èmi ń wọ̀ báyìí.

Ikọ̀ yìí ló gbé mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ ò ní rí mi níbẹ̀ bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ti sọ ọ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́: "Àbúrò mi, ìwé ò wọ̀ ẹ́ lórí, ká má tanra wa. Ẹsẹ̀ ẹ nìwé ẹ. Má fi ṣeré." Tí wọ́n bá bọ́ aṣọ yìí lọ́rùn mi, kíláàsì wo ló fẹ́ gbà mí? Màá lọ jókòó tì í nídìí máṣíìnì, màá máa bá a tẹ bọ́tìnnì.

Àkàbà.

Àkàbà wà nínú yàrá ẹrù. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ló ń fi pààrọ̀ gílóòbù. Wọ́n sì ti lọ jẹun, wọ́n fi yàrá yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kí n gbé e. Kí n gùn ún. Kí n tún ọwọ́ yẹn tẹ̀ síbi tó wà, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n panu mọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Ibi tó wà, mo lè dijú tọ́ka ẹ̀. Orí ìka ní ìdè fèrèsé. Ó parí.

Ó wúwo. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ha ilẹ̀ — ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, jọ̀ọ́. Mo gbé e ti ògiri. Mo ti gùn ún. Má wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó fò dé ìhín lẹ́ẹ̀kan ń bẹ̀rù àkàbà, ayé le. Mo fi etí aṣọ mi nu ìyókù ṣọ́ọ̀kì kúrò, kí tuntun lè mọ́ dáadáa, mo nù ún, mo —

Kí nìyí?

Kí lèyí?

Ọwọ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Òjìji ọwọ́. Àwọ̀ ewé tó ki ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Àá, mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n: bíi ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tó yọ kàlẹ́ńdà tó ti pẹ́ lára ògiri. Oòrùn ti jẹ gbogbo ọ̀dà, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé yìí jẹ ògiri lójoojúmọ́, àfi ibi tí ṣọ́ọ̀kì bò. Ìyẹn yé mi. Ọwọ́ tí mo nù ló wà níbí. Ó yé mi.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?

Òmíràn wà. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ti òkè gùn ún lórí bí páànù ṣe ń gun páànù. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ kan náà, kò jọ ọ́! Òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan lórí àkàbà. Òmíràn. Tín-ínrín, àtàǹpàkò ẹ̀ kúrú. Mo tún sọ̀. Òmíràn, ó ti ń pòórá... Mo fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Kí ló dé? Ọwọ́ àwọn wo nìyí? Mo fẹ́ mọ̀ ni. Èyí tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ pátápátá ńkọ́? Ibo ló wà?

Abẹ́ fèrèsé.

Abẹ́ fèrèsé gan-an. Bó ṣe wà nínú fọ́tò.

Onífọ́tò ò dúró síbi burúkú.

Àwòdì nìyí nígbà náà. Èyí gan-an, èyí tó ga díẹ̀ ju ti ẹni gíga wa lọ. Díẹ̀ báyìí. Ìyókù òkè wọ̀nyí ńkọ́? Mo tún gùn ún padà, mò ń fi ìka tọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀ lé ti Àwòdì gan-an, ẹni tó kọ́kọ́ sún un sókè. Ìka mẹ́rin ẹ̀ tọ́. Ìka kékeré...

Ó wọ́. Ó wọ́ síta bí ìwọ̀.

Kóòṣì.

Áà! Kóòṣì! "Èmi náà ò dé bẹ̀ rí." Ògbójú òpùrọ́! O gun àkàbà, o gbé Àwòdì sókè, o wá ń fi ìka yẹn náà tọ́ka ẹ̀ sí wa lẹ́yìn gbogbo ìdíje! Gbogbo wọn! Wọ́n jọ gbìmọ̀ ni. Wọ́n ń fà á sókè kí ọwọ́ wa má bàa tó o, kí onígbàjámọ̀ lè rí nǹkan sọ. A kì í ṣe ọ̀lẹ, a kì í ṣe jẹun-jẹun, wọ́n kàn ń — wọ́n ń —

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Níta. Wọ́n ti dé? Oòrùn ò tíì rọ̀! Ilẹ̀kùn mọ́tò ń pa dé, gbì, gbì. Ṣọ́ọ̀kì dà? Ó wà lápò. Mo fi pa ọwọ́, ó ń dà sílẹ̀, mo di àkàbà mú, mo na ọwọ́, Olúwa jẹ́ kó bọ́ síbi tó yẹ, má jẹ́ kó kéré, kí wọ́n má wá ní ó ti rẹlẹ̀. Gbàà. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìka yà gbàgà. Mo ti sọ̀. Mo gbé àkàbà lérí èjìká. Mo yíjú padà lẹ́ẹ̀kan kí n rí i bóyá ó —

Ó ti ga jù.

Orí ìka kọ́ ló wà ní ìdè fèrèsé. Ọrùn ọwọ́ ni. Mo gbé e ga ju ibi tó wà lọ. Èmi tí mo lè dijú tọ́ka ẹ̀! Ta ló ní kí n gbé e ga? Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e ga. Ẹ̀rù ni. Mo kàn sọ lọ́kàn mi pé má jẹ́ kó kéré, má jẹ́ kó kéré...

Oò.

Kóòṣì ò purọ́ kankan lọ́jọ́ yẹn. Kóòṣì dúró síhìn-ín bíi tèmi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí bóyá. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun, kò sẹ́ni tó rí i. Ó fò ni. Ó fò, ó dé bẹ̀! Ọwọ́ ẹ̀ nu ti ọ̀gá ẹ̀ kúrò, ló bá sáré wá àkàbà. Ló bá ní kó má kéré. Ẹni tó tẹ̀ lé e dé ibi tí Kóòṣì gbé e dé, ẹ̀rù ba òun náà. Alátẹ́lẹwọ́ fífẹ̀ dé bẹ̀. Alátàǹpàkò kúkúrú dé bẹ̀. Gbogbo sáà tí onígbàjámọ̀ ń bú, tó ní wọn ò tó nǹkan, ẹnì kan wà nínú wọn tó ju Ikọ̀ Ọdún Òjò lọ. Ó wá lọ sílé, ó fọ ọwọ́, ó ní, èmi náà ò dé bẹ̀ rí. Bó bá sì ti sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ti gbà á gbọ́.

Èmi náà á sọ ọ́. Lónìí yìí. Màá fò lójú wọn, ọwọ́ mi ò ní tó o, èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ ní kọ́ríídọ̀. Ẹ̀rín àgbà. Yàrá ẹrù, kíá, orí àkàbà kọ́kọ́ wọlé, rọra, ó fẹ́ kan páànù — ó wọlé.

Ṣùgbọ́n Àwòdì ńkọ́? Òun ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibi tọ́wọ́ òun dúró sí. Èèyàn kì í gbàgbé irú ẹ̀. Ọdọọdún ló ń wá. Ọdọọdún ló ń gbójú sókè wo ọwọ́ tí kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ló dé tí ò fi sọ̀rọ̀? Ọdún tó kọjá, ó dúró síbẹ̀ yẹn, ó ṣí fìlà. Ó wò ó, ó wò ó. Gbogbo ohun tó sọ ò ju "Ẹ kú iṣẹ́ o" lọ. Ẹni tó gun àga yẹn, kí wọ́n tó lé e, yọ́ sọ sí mi létí pé, "Bàbá ń kí ara ẹ̀." A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín.

Kì í ṣe ara ẹ̀ ló ń kí. Ẹni tó bá fò dé bẹ̀ ni.

Wọ́n ti wọ gbọ̀ngàn. Bàtà wọn ń dún lórí pákó, wọ́n ń rìn lọ sápá ògiri yẹn, wọ́n ń rìn lọ... wọ́n dúró. Ó ti ń wò ó báyìí. Ó ti rí i pé ó tún ga sí i. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì funfun, mo fi há abíyá.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fa ìdábùú ẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, kó má dún. Mo jókòó lórí àpò bọ́ọ̀lù, mò ń fetí sílẹ̀ de kíkí mi.